Kẹ̀kẹ́ Ìdárayá Inú Ilé: Bí A Ṣe Ń Yàn Án ní Minna

Kẹ̀kẹ́ ìdárayá inú ilé ni ẹ̀rọ tí a ń gùn bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ṣùgbọ́n tí kì í kúrò lójú kan. Ó ní gàárì, ọwọ́ tí a ń dì mú, pẹ́dà méjì àti irin róbótó wúwo kan tí pẹ́dà ń yí. Ohun kan sì wà tó ń fa irin náà sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ lè rí iṣẹ́ ṣe. Ohun tó ń fa irin sẹ́yìn yìí ló ń ya kẹ̀kẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, òun ló sì yẹ kí ará Minna kọ́kọ́ bi ọlọ́jà léèrè, kó tó béèrè àwọ̀ tàbí síkírìnì.

Ẹ̀rọ yìí dàgbà ju kẹ̀kẹ́ ojú títì lọ. Ní 1796 ni Francis Lowndes gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Gymnasticon, ẹ̀rọ tí aláìsàn lè fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yí láì kúrò níbi tó wà. Ó di 1817 kí Karl Drais tó gun kẹ̀kẹ́ onígi rẹ̀ jáde ní Jámánì, ìyẹn gan-an kò sì ní pẹ́dà. Nígbà tí ọkọ̀ Titanic gbéra ní 1912, kẹ̀kẹ́ adúrólójúkan wà nínú yàrá ìdárayá rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà gbà á lò: August Krogh ti Denmark ṣe tirẹ̀ ní nǹkan bí 1913 láti fi wọn iṣẹ́ tí iṣan ń ṣe, àwọn ará Sweden sì sọ ọ́ di ohun èlò ìdánwò ọkàn ní àwọn ọdún 1950. Johnny Goldberg, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó lọ fìdí kalẹ̀ sí California, ló sọ ọ́ di eré àgbájọ pẹ̀lú orin ní àwọn ọdún 1990. Ilé iṣẹ́ Peloton tó bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 2012 ló wá so síkírìnì ńlá mọ́ ọn, tí oníbàárà ń san owó oṣooṣù lé lórí. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n kí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì má lọ ni.

Ọ̀rọ̀ iná sì nìyí. Power State ni wọ́n ń pe Ìpínlẹ̀ Niger, tí Minna jẹ́ olú ìlú rẹ̀, orúkọ náà kì í sì í ṣe àsọdùn. Ibẹ̀ ni ìsédò Kainji tó ti wà láti 1968, ibẹ̀ ni Shiroro tó lè pèsè 600 mẹ́gáwọ́ọ̀tì, Zungeru tó lè pèsè 700 sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Àmọ́ orí wáyà gbogbo orílẹ̀-èdè ni iná wọn ń gbà lọ. Ará Bosso àti ará Kpakungu ní Minna sì ń retí AEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, bí ẹni gbogbo ṣe ń retí wọn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kẹ̀kẹ́ tọ́ sí ilé ní Minna ju tírẹ́dìmíìlì, ẹ̀rọ tí a ń sáré lórí rẹ̀, lọ. Bí iná bá lọ, tírẹ́dìmíìlì oníná di tábìlì tí a ń sá aṣọ lé. Kẹ̀kẹ́ tí a bá yàn dáadáa kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé iná lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà fa irin sẹ́yìn. Nínú èyí tí owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù, bíréèkì onírun tàbí okùn aláṣọ ni a ń tẹ̀ mọ́ ara irin. Ó rọrùn láti lóye, ó sì rọrùn láti tún ṣe, ṣùgbọ́n ó ń jẹ tán, ó ń ta eruku dúdú sílẹ̀, ó sì máa ń han bí ó bá gbẹ.

Òòfà ni ọ̀nà kejì, kì í sì í fara kan irin rárá. Bí irin ṣe ń sáré kọjá níwájú òòfà, iná mànàmáná wẹ́wẹ́ ń dìde nínú irin fúnra rẹ̀. Iná yìí ń bá òòfà jà, ìjà náà ni ẹsẹ̀ ń mọ̀ lára bí ìwúwo. Bí a bá sún òòfà mọ́ irin, ó túbọ̀ wúwo. Níwọ̀n bí ohun kan kò ti ra ohun kan, kò sí bíréèkì tí yóò jẹ, ariwo rẹ̀ sì kéré débi pé ọmọ lè máa sùn nínú yàrá kan náà. Ṣùgbọ́n kí olùrà ṣọ́ra níbí: òòfà kan wà tí a ń fi ọwọ́ yí wáyà sún, òmíràn sì wà tí mọ́tò kékeré ń sún, tí ìyẹn sì sábà máa ń fẹ́ iná. Èyí tí a ń fi ọwọ́ yí ni mo fara mọ́ fún Minna. Síkírìnì kékeré tó wà lórí rẹ̀ kì í béèrè ju bátìrì méjì irú èyí tí rìmóòtì ń lò.

Ọ̀nà kẹta ni fáànù ńlá tó wà níwájú, tí afẹ́fẹ́ ń dí lọ́wọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe yára tó ni yóò ṣe le tó: ẹni tó bá sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì yóò ṣe iṣẹ́ bí ìlọ́po mẹ́jọ. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹni tó ń gùn ún, èyí sì dùn nínú ooru, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kò yẹ ilé tí a bá àwọn ẹlòmíràn pín ògiri.

Ooru ni ohun tí àwọn ìwé tí wọ́n kọ ní ìlú òtútù kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Nínú agbára tí iṣan ń ná, bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ló ń dé pẹ́dà. Gbogbo ìyókù di ooru. Ẹni tó bá ń tẹ 100 wọ́ọ̀tì sí pẹ́dà, ooru 300 sí 400 wọ́ọ̀tì ni ara rẹ̀ ń tú sínú yàrá. Lójú títì, afẹ́fẹ́ tí à ń là kọjá ló ń gbé e lọ. Nínú ilé, òógùn á kàn máa ṣàn ni. Ní Oṣù Kẹta àti Oṣù Kẹrin, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, yàrá tí òrùn ti sun páànù rẹ̀ láti àárọ̀ kì í ṣe ibi tí a ń gun kẹ̀kẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Àárọ̀ lẹ́yìn ìrun Subhi ló dára jù, láàárín fèrèsé méjì tó kọjú síra wọn, pẹ̀lú fáànù alágbára bátìrì àti omi nítòsí. Nínú Ramadan, àwọn kan ń gùn ún kí wọ́n tó ṣínu. Lẹ́yìn ìṣínu ló bọ́gbọ́n mu jù, nítorí omi. Bí ọyẹ́ bá dé, tí eruku bo ìlú, kẹ̀kẹ́ inú ilé sàn ju eré sísá níta lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà fẹ́ ìbòrí. Ògbólógbòó ìró tó fún un. Ní ti ohun tó so pẹ́dà mọ́ irin, ṣéènì olóróró ń kó eruku mọ́ra. Bẹ́líìtì kì í fẹ́ òróró, nítorí náà òun ni kí a wá.

Ní ti ìrísí, èyí tó nàró ló wọ́pọ̀, kì í sì í gba àyè púpọ̀. Èyí tó ní àga afẹ̀yìntì, tí pẹ́dà rẹ̀ wà níwájú, dára fún àgbàlagbà àti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ṣùgbọ́n ó gùn. Èyí tó ṣeé ká bá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó gba yàrá kan ní Gidan Kwano mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń mì bí ẹni tó sanra bá gùn ún. Ti àwọn eléré kẹ̀kẹ́ ní irin tó lè wúwo tó 20 kìlógíráàmù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni pẹ́dà rẹ̀ kì í sì í dúró kí irin tó dúró: ìró, hijab gígùn tàbí ṣòkòtò gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lè há sí i, ìka ọmọdé náà sì lè há. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bo irin àti bẹ́líìtì rẹ̀ pátápátá ló yẹ ilé ọlọ́mọ. Ẹni tó bá ti ní kẹ̀kẹ́ ológeere lè ra irin ìdúró tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà yóò máa yí lórí rólà rẹ̀. Owó tó ń lọ síbẹ̀ kéré.

Kí gbogbo ẹni tí yóò lò ó nínú ilé gùn ún wò kí a tó sanwó. Kí wọ́n fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ yẹ kó nà tán láìjẹ́ pé ìbàdí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, orúnkún yóò ká díẹ̀, bó ṣe yẹ nìyẹn. Gàárì tó bá lọ sílẹ̀ jù ló sábà ń fa ìrora iwájú orúnkún. Ìwọ̀n ara tí ẹ̀rọ lè gbé máa ń wà lára rẹ̀, láàárín 100 àti 150 kìlógíráàmù lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ẹni tó sún mọ́ iye yẹn má rà á.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni èyí tí a fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí a kò lè kọrin. Òṣùwọ̀n yìí ṣeé gbára lé ju iye kálórì tí síkírìnì ń kọ lọ, torí púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ bí ẹni tó ń gùn wọ́n ṣe wúwo tó. Kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru, alátọ̀gbẹ tàbí ẹni tí àyà ti ń dùn rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, bíi atenolol, ń dín ìlùkìkì ọkàn kù, nítorí náà iye tí kẹ̀kẹ́ ń sọ pé ọkàn gbọ́dọ̀ dé kò kan ẹni tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà tí ìjọba ti tú owó náírà sílẹ̀ sọ́wọ́ ọjà ní Oṣù Kẹfà 2023, owó ọjà òkèèrè kò dúró lójú kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wá tòkunbọ̀ láti Abuja tàbí Èkó. Kò burú, bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò: kí a mi gàárì, kí a gbọ́ bọ́ọ̀lì inú ẹ̀rọ bó bá ń dún, kí a yí ìwúwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òpó gàárì ṣe pàtàkì. Ní 2023 ni Peloton kéde pé kí àwọn tó ra kẹ̀kẹ́ irú kan, tó tó mílíọ̀nù 2.2 ní Amẹ́ríkà, pààrọ̀ òpó gàárì nítorí ó lè ṣẹ́. Lẹ́yìn tí ẹrù bá gba ọ̀nà Suleja wọlé, kí a tún gbogbo bóòtù dè. Pẹ́dà òsì ni kí a fi sùúrù dè: apá òsì ni a ń yí i sí kó tó le, kò dà bí ìdè yòókù, lẹ́tà L sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára yí i sí apá ọ̀tún yóò jẹ eyín ihò rẹ̀. Wẹ́dà lè jó o mọ́ ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sì tún ṣiṣẹ́, àmọ́ pẹ́dà náà kò ní ṣeé tú mọ́.