Yíyan mọ́tímítà onínọ́ńbà fún ilé àti iṣẹ́ ọwọ́ ní Alápẹ̀rẹ̀

Mọ́tímítà ni irinṣẹ́ tí a fi ń mọ bí iná tó wà nínú wáyà ṣe pọ̀ tó, bóyá wáyà já tàbí kò já, àti bóyá bátìrì ṣì lágbára. Èyí tó jẹ́ onínọ́ńbà máa ń kọ èsì sójú rẹ̀; èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tó ń rìn lórí ìlà. Mọ́tímítà olówó àárín tí àyọkà yìí ń sọ nípa rẹ̀ ni èyí tó wọ́n ju DT830, mítà aláwọ̀ ìyeyè kékeré tó kún ìsọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan iná, àmọ́ tí owó rẹ̀ kò sún mọ́ ti iléeṣẹ́ Fluke.

Donald Macadie, ẹnjiníà ní iléeṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ló kó irinṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ sínú àpótí kan, torí ó sú u láti máa ru wọ́n kiri lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́dún 1923 ni Avometer rẹ̀ dé ọjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Andrew Kay ti iléeṣẹ́ Non-Linear Systems ní California ṣe mítà fóòtì tó ń kọ nọ́ńbà, àmọ́ orí tábìlì ló ń gbé. Ọdún 1977 ni Fluke gbé mọ́tímítà 8020A jáde, tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbá mú. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà wọ òwò náà, owó rẹ̀ já wálẹ̀ débi pé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lè ra tirẹ̀.

Ní Alápẹ̀rẹ̀, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Èkó, iná Ikeja Electric ni wọ́n ń lò. 230 fóòtì ló yẹ kó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lálẹ́, tí gbogbo ilé bá ti tan ohun tí wọ́n ní, iná lè wálẹ̀ débi pé gílóòbù á ṣókùnkùn, fíríìjì á máa kùn láìgbéra. Nínú ilé tí féèsì mẹ́ta wọ̀, ẹni tí iná tirẹ̀ lọ sílẹ̀ á yí sí féèsì míì. Èyí tó burú jù ni kí wáyà níútírà já níbi tíránsífọ́mà tàbí lórí òpó: sọ́kẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó ní 230 lè sún mọ́ 400, tẹlifíṣọ̀n, ṣájà àti fíríìjì á sì jóná lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ní mọ́tímítà á kọ́kọ́ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n bá mú iná dé. Tó bá rí 150 tàbí 290, á fi fíríìjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní pípa. Tẹ́sítà tó dà bí ṣúkúrúdíráfà kò lè sọ èyí fún un. Á kàn tan ni, ì báà jẹ́ 150, ì báà jẹ́ 290.

Lẹ́yìn iná NEPA, bí àwọn èèyàn ṣì ṣe ń pe iná Ikeja Electric, jẹnẹrétọ̀ wà, ìnfátà sì wà. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti kásẹ̀ nílẹ̀, epo wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé sì ń fi sólà àti bátìrì rọ́pò jẹnẹrétọ̀. Ibi tí mọ́tímítà olówó pọ́ọ́kú ti ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Bí ìgbì ni iná NEPA ṣe máa ń lọ sókè, tó sì ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iná ìnfátà olówó kékeré kì í ṣe bẹ́ẹ̀: á fò sókè, á dúró, á já wálẹ̀ lójijì. Mítà tí kò ní True RMS, ìyẹn ètò tó ń wọn iná bó ṣe rí gan-an, á ṣírò bíi pé iná NEPA ló wà níwájú rẹ̀. Bí ìnfátà bá ń gbé 230 fóòtì gidi jáde, tí òkè rẹ̀ jẹ́ 325, tó sì ń wà lókè fún ìdajì àkókò, mítà bẹ́ẹ̀ á kọ nǹkan bíi 180. Onílé á ní ìnfátà ti bàjẹ́. Á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò tú u, tí yóò sì gbowó, nígbà tí nǹkan kan kò ṣe é. Nítorí náà, True RMS ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ilé tó ń lo ìnfátà sanwó fún.

Ti bátìrì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì olómi 12 fóòtì tó kún, tó sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, á fi nǹkan bíi 12.7 hàn, tó bá ti di 12.0, iná inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti lítíọ́mù yàtọ̀: ó lè dúró sí nǹkan bíi 13.2 fún ìgbà pípẹ́, kó tó já wálẹ̀ lójijì, torí náà mítà nìkan kò lè sọ iye tó kù nínú rẹ̀ dáadáa. Ní ti pánẹ́ẹ̀lì, ẹ ṣọ́ra. Bí wọ́n bá so mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀ tẹ̀léra, iná DC tó wà lẹ́nu wáyà lè kọjá 200 fóòtì. Ẹyọ pánẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì sì lè gbé tó áńpù 13 tàbí 14, bẹ́ẹ̀ 10 ni ihò áńpù inú mọ́tímítà lè gbà. Mítà ẹlẹ́nu tó ń há wáyà lẹ́nu ló yẹ fún èyí, àmọ́ kí ẹ béèrè bóyá ó ń ka DC, torí AC nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú èyí tí kò wọ́n ń kà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí a ń ki wáyà sí ni wọ́n máa ń kọ CAT II, CAT III tàbí CAT IV sí, pẹ̀lú iye fóòtì. Ìlànà IEC 61010 ló pín wọn bẹ́ẹ̀. CAT II wà fún ohun tí a ń ki sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. CAT III fún pátákó fíúsì àti wáyà inú ògiri. CAT IV fún iná tó ń bọ̀ láti òpó. Bí a bá ṣe ń sún mọ́ òpó tó, bẹ́ẹ̀ ni iná tó lè ya wọ inú mítà lójijì ṣe ń lágbára tó, pàápàá nígbà àrá. CAT III 600V tó fún ilé.

Ohun tí wọ́n kọ síta kò tó ẹ̀rí, torí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ sára ike. Inú rẹ̀ ni ká wò. Ní ẹ̀yìn mítà, lẹ́yìn tí a bá tú ìdérí rẹ̀, fíúsì á hàn. Bí ó bá jẹ́ onídígí tínńrín tí a ń rí wáyà inú rẹ̀, kò lè dá iná ńlá dúró; ó lè bẹ́. Èyí tó dára funfun, ó nípọn, yanrìn ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì kọ 600V tàbí 1000V sára rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ DT830, ihò 10A kò tilẹ̀ ní fíúsì kankan. Ẹni tó bá fi wáyà pupa síbẹ̀ lẹ́yìn tó wọn áńpù, tó wá gbàgbé, tó ki wáyà náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ti fi irin so féèsì mọ́ níútírà níwájú ojú ara rẹ̀. Ìgbàgbé lásán ni, ó sì lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Nǹkan kékeré mìíràn tó ń dààmú èèyàn ni wáyà tí a ti pa, tí mítà sì ń kọ 70 tàbí 90 fóòtì. Iná wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń ràn án, kò lágbára. Mítà tó ní ipò LoZ á gbé e kúrò. Fluke 117 ní i, àwọn olówó àárín díẹ̀ náà sì ní i. Bákan náà, bí bátìrì inú mítà bá ti ń rẹ̀, ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú á máa kọ iye tó ju òótọ́ lọ. Bí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé bá ṣàdédé di 280, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì mítà ná.

Ti ìwọ̀n ooru, ti tíránsísítọ̀ àti ti nọ́ńbà lẹ́yìn ojúàmì kò yẹ kó gbówó lápò yín. Ohun tó wúlò ju ìwọ̀nyí lọ ni agogo tó ń dún bí wáyà kò bá já. Òun ni a fi ń mọ̀ bóyá fíúsì 13 áńpù inú pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti lọ, kó tó di pé wọ́n ju áyọ́ọ̀nù tó dára nù.

Ní ìsọ̀, ì báà jẹ́ ní Kétu tàbí ní Alábà, kí ẹ fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ara wọn: agogo gbọ́dọ̀ dún lójú ẹsẹ̀, kí óòmù má sì tó ìdajì. Kí ẹ fi wo bátìrì rédíò tuntun, á fi díẹ̀ lé ní 1.5 hàn. Kí ẹ tẹ wáyà náà. Bí ó bá le gbagidi tí ara rẹ̀ sì tín-ín-rín, kò ní pẹ́ là.

Fún ilé tó ní NEPA, jẹnẹrétọ̀ àti ìnfátà, mọ́tímítà olówó àárín tó ní True RMS, CAT III 600V àti fíúsì funfun nínú ihò áńpù méjèèjì ti tó; kò sí ìdí láti ra Fluke, DT830 kò sì tó. Ẹ jọ̀wọ́, ohun yòówù tó bá wà láàárín òpó àti mítà tí ẹ ń ra káàdì sí, ẹ má fi mọ́tímítà kàn án. Ẹ pe Ikeja Electric.