Ààlà Tí Ojú Kò Rí

Ní kíláàsì ìtàn, pẹ́ńsù la fi ń ya ààlà orílẹ̀-èdè sórí máàpù: odò níbí, òkè lọ́hùn-ún. Íntánẹ́ẹ̀tì kò ní odò, kò sì ní òkè. Ta ló wá ni ibẹ̀?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, ìjọba Estonia gbé ère ọmọ ogun Soviet kan kúrò láàárín ìlú Tallinn lọ sí itẹ́ òkú àwọn ológun. Inú bí Rọ́ṣíà, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ nígboro. Bẹ́ẹ̀ ni ogun mìíràn dé, ogun tí kò ní ìbọn. Kọ̀ǹpútà lọ́tùn-ún lósì ya bo ti ìjọba, báńkì àti ilé ìwé ìròyìn, títí wọ́n fi dákú. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Èmi oníwèé ìròyìn, ibi tó ká mi lára jù nìyí: Postimees ní láti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òǹkàwé òkè òkun, kí ará ilé tó lè rí i kà. Wọ́n ń lù wọ́n, wọn ò sì lè ké síta!

Estonia ní ọwọ́ Rọ́ṣíà wà níbẹ̀. Rọ́ṣíà ní irọ́ ni, kò sì bá wọn wá àwọn ọ̀daràn náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní Estonia nílé-ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé ní 2008.

Òfin kúkú wà. Ní 1949, ilé-ẹjọ́ àgbáyé dá Albania lẹ́bi nítorí àdó olóró inú omi rẹ̀ tó ba ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì jẹ́: ìjọba kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀ òun pa ẹlòmíràn lára. Ẹ̀rí ló ṣòro. Ta ló rí ọwọ́ tó ju òkò lókùnkùn?

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ní Tallinn yìí náà ni NATO dá ibùdó ààbò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní 2008. Ibẹ̀ ni ìwé òfin Tallinn Manual ti jáde wá ní 2013. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè 15, Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà pẹ̀lú, fẹnu kò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé òfin àgbáyé dé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àríyànjiyàn ò tíì tán o. Gẹ̀ẹ́sì sọ ní 2018 pé wíwọlé sí kọ̀ǹpútà ìlú míì láìgbàṣẹ nìkan kò tíì rú òfin àgbáyé. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní 2024 ní ó rú u. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò lágbára ló mọ ìdí tí òfin fi gbọ́dọ̀ le.