Ìbejì inú Brotherhood àti Ọlọ́pàá Ìkẹjà

Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi fíìmù tó bá dá lórí ọlọ́pàá àti adigunjalè: ta ni ó sọ olè di olè? Ta sì ni ó sọ ọlọ́pàá di irú ẹni tó dà? Owó Blow, tí Tádé Ògìdán ṣe ní àárín àwọn ọdún 1990, fi sùúrù dáhùn èyí àkọ́kọ́: ìyà tó jẹ ìdílé kan ni ó lé ọmọ wọn sí ìgboro. Ìbéèrè kejì ni ó yẹ kí Brotherhood dáhùn. Jádé Òṣíbẹ̀rù ni ó gbé e jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Loukman Ali, ọmọ Uganda, ni ó darí rẹ̀.

Ìtàn náà dá lórí ìbejì tí adigunjalè pa òbí wọn. Wálé di ọlọ́pàá. Akin wọ ẹgbẹ́ olè. Níbẹ̀ ni agbára fíìmù náà wà, nítorí Yorùbá kò ka ìbejì sí ẹni méjì lásán: ẹni tó ń dọdẹ ìkejì rẹ̀, ara rẹ̀ ni ó ń dọdẹ. Falz àti Tobi Bakre gbé ẹrù yìí dáadáa. Àgbájọ ọwọ́ ni a sì fi ń sọ̀yà: Sam Dede, OC Ukeje, Rónkẹ́ Òṣòdì-Òkè, Basketmouth àti Mr Macaroni wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà. Kí a tó mọ ẹnì kan tán, ìbọn ti dún, ẹlòmíràn ti wọlé.

Àléébù tó tóbi jù ni ti ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Ní 1992 ni a dá ẹ̀ka tí a ń pè ní SARS sílẹ̀ ní Èkó láti gbógun ti àwọn adigunjalè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ kún Aláùsá ní Ìkẹjà, wọ́n ń ké pé ẹ̀ṣọ́ ti di apani. Ìjọba tú ẹ̀ka náà ká ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà. Falz wà lára àwọn tó léwájú nínú ìwọ́de yìí. Lẹ́yìn ọdún méjì, òun náà ni ó ṣe ọlọ́pàá nínú Brotherhood. Síbẹ̀, fíìmù náà kò dúró ti ọ̀rọ̀ yìí pẹ́.

Ní Ìkẹjà yìí kan náà ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọlọ́pàá wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, tẹlifíṣọ̀n Channels fi hàn wá bí ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti bàjẹ́ tó, títí Ààrẹ Jonathan fi lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ìròyìn yẹn dáhùn ìbéèrè mi kejì ju Brotherhood lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Mo gbóríyìn fún àwọn tó ṣe fíìmù náà. Ṣùgbọ́n ìtàn ọmọ tó wọ ẹnu-ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn ní ọmọlúàbí, tó sì jáde ní ẹni tí ìlú ń bẹ̀rù, ni mo ṣì ń retí.