Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Ìdí Tí Góòlù Fi Ń Wọ́n Lẹ́sẹ̀ Ẹni Tó Re Òkèèrè

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú lè la ojú kalẹ̀ kedere, síbẹ̀ kó kọsẹ̀ lára ohun tí ọmọ ọdún márùn-ún ìlú náà ń yà fún lóru. Ohun tó gbé òwe yìí sí mi lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú wa, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n níbì kan bí ẹni ń já ewé, tí wọ́n bá ṣí lọ síbòmíràn, góòlù á sá fún wọn.

Ọmọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni mí. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀ rí á mọ ìlú wa, níbi tí odò ti fún ìlú lórúkọ. Ìlú àlejò ni. Ọjà àti ilẹ̀ oko ló fà wọ́n wá: Ẹ̀gbìrà, Tífì, Ìgbò, Haúsá, gbogbo wọn ló ń ná iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú wa. Oko bàbá mi ni mo sì ti kọ́kọ́ rí ohun tí òwe yìí ń sọ. Ní àsìkò ebè kíkọ lọ́dún kan, agbàṣe kan dé láti apá Benue. Apá rẹ̀ le, ọkọ́ rẹ̀ fẹ̀ ju tiwa lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ebè tó kọ kò tó ìdajì èyí tí àwa ọmọ ilé kọ. Bó bá ti sọ ọkọ́ kalẹ̀, gbòǹgbò ni, ọkọ́ á ta padà sókè. Ilẹ̀ ọ̀dàn ló ti wá. Ilẹ̀ igbó ni tiwa, wọ́n ti gé igi tán lójú, ṣùgbọ́n igi ṣì wà nísàlẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Bàbá mi kò dá wọn lóhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìrì tó gbẹ, ó mú ọkùnrin náà rìn yí oko ká, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí kùkùté wà, ó ń fi hàn án ibi tí gbòǹgbò gbà lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, àwa la ń sáré tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí n mú Rashidi Yekini ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ dùn lẹ́nu wa tó o. Ó wà pẹ̀lú Shooting Stars Ìbàdàn nígbà tí wọ́n dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà ní 1984, tí Zamalek ti Íjíbítì fi gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Abidjan, ibẹ̀ ló sì ti lọ sí Vitória de Setúbal, ní ìlú etí òkun kan ní Pọ́túgà, ní 1990. Ó gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ní sáà 1993 sí 1994, ó gbá góòlù 21, kò sì sẹ́ni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo líìgì Pọ́túgà lọ́dún náà. Òun ni wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà ní 1993. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994, ní Dallas, ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá rí nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ó sì di àwọ̀n Bulgaria mú, ó ń sunkún. Ẹni tó bá rí àwòrán yẹn kì í gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ṣí lọ sí Olympiacos ní Gíríìsì. Góòlù kò wá púpọ̀. Ó tún ṣí lọ sí Sporting Gijón ní Sípéènì. Níbẹ̀ náà, èyí tó gbá kò tó nǹkan, èṣe sì tún bá a. Ní 1997, ó ti padà sí Setúbal.

Mo rántí ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nígbà náà. Àwọn kan ní ayé ló dá a lọ́wọ́ kọ́, pé ilé ló ń bá a jà. Àwọn kan ní owó ló wọ̀ ọ́ lára. Èmi kò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀ lóòótọ́, torí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó kúrò ní Setúbal, èṣe náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo góòlù Dallas yẹn dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i. Finidi George ló ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gbé bọ́ọ̀lù náà kọjá níwájú ilé. Yekini kò dúró kó rí bọ́ọ̀lù kó tó sáré. Ó ti ń bọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ Finidi. Àwọn méjèèjì ti jọ gba Ife Áfíríkà ní Tunisia lóṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà. Ó mọ bí èjìká Finidi ṣe ń yí bó bá fẹ́ gbé e wálẹ̀, ó sì mọ bó ṣe ń yí bó bá fẹ́ gbé e sókè. Ohun tí àwa ń pè ní ẹsẹ̀ góòlù, ìmọ̀ èjìká ẹlòmíràn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e kúrò láàárín àwọn èjìká tó mọ̀, ojú rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, ìríran ló kù sẹ́yìn.

Àwọn ará Japan mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú nínú eré béésìbọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fi igi gbá. Láàárín ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù àti ẹni tó di igi mú, mítà 18.44 ni. Bọ́ọ̀lù tó bá ń sáré ní kìlómítà 150 ní wákàtí kan kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dé. Kò sí ojú tó lè wo irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ délé kó tó pinnu. Èjìká ajubọ́ọ̀lù, ìgúnpá rẹ̀ àti bí ìka rẹ̀ ṣe di bọ́ọ̀lù mú ni ẹni tó di igi ń kà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ tó ti bá pàdé láti kékeré ló ń bá a pinnu. Ará Amẹ́ríkà ti bá ti àwọn ajubọ́ọ̀lù ilé rẹ̀ pàdé. Níbi tó ti ń retí èyí tó le tó sì tọ́ gbọọrọ, àwọn ará Japan á ju èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́ sí i, èyí tó dà bíi pé ó ń bọ̀ tààrà, àfi bó bá dé iwájú igi tó já lulẹ̀. Ọkùnrin náà á fi gbogbo agbára gbá afẹ́fẹ́. Iye àlejò tí ẹgbẹ́ kan lè lò lẹ́ẹ̀kan náà nínú ẹgbẹ́ àgbà sì ní ìwọ̀n, nítorí náà ẹni tí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ bá burú fún, ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n á rán an lọ kíá.

Ọ̀pọ̀ ló ti ibẹ̀ sọ pé àlejò kò lè gbá bọ́ọ̀lù ní Japan. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Randy Bass, ọmọ Oklahoma, kò gbá ju 9 kọjá odi lọ ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà. Ó dé ọ̀dọ̀ Hanshin Tigers ní 1983. Nígbà tó fi máa di 1985, ó gbá 54 ní ọdún kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ náà sì gba ife Japan fún ìgbà àkọ́kọ́. Wladimir Balentien, ọmọ erékùṣù Curaçao, gbá 60 ní 2013, ó sì borí 55 tí Sadaharu Oh gbá ní 1964. Oh yìí gan-an, tí gbogbo Japan ń wárí fún, ọmọ ará Ṣáínà ni, ìwé ìlú Japan kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Tokyo ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ igi dídìmú. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń fúnni ní ìríran. Ibi tí èèyàn gbé ni, àti iye ọjọ́ tó gbé níbẹ̀.

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí a ti sọ ọ̀rọ̀ kan di yẹpẹrẹ nínú èdè wa. À ń pe àlejò àti àjèjì bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àlejò ní ẹni tó gbà á. Bí ó bá wọlé, ẹnì kan á ní ẹ kú àbọ̀, á fún un ní omi, á fi ibi tí yóò sùn hàn án. Bí ó bá sì ṣìnà, ìtìjú onílé ni. Àjèjì kò ní onílé. Ó lè gbé àdúgbò fún ọdún mẹ́wàá kó má sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. A máa ń gbàlejò, a kì í gba àjèjì, ìfura la fi ń wò ó. Àwọn àgbà tó dá òwe sílẹ̀ kò ní àjèjì lójú, kò fi ríran. Àlejò ni wọ́n ní. Mo gbà pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn tó ń fi òwe náà bú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò kà á délẹ̀: bí àlejò kò bá ríran, ta ló yẹ kó yá a ní ojú?

Ẹ wo Daniel Amokachi, agbábọ́ọ̀lù iwájú Nàìjíríà. Everton ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rà á lọ́wọ́ Club Brugge ní 1994, lẹ́yìn Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Kóòṣì wọn, Mike Walker, ló pè é wá. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, wọ́n ti lé Walker kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Joe Royle gba ipò rẹ̀. Ẹni tó gba àlejò ti lọ; ẹni tó bá nílé kọ́ ló pè é. Láàárín oṣù mẹ́ta péré, Amokachi ti di àjèjì nínú ilé tó wọ̀ bí àlejò. Orí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ pápá ló wà lọ́pọ̀ ìgbà títí di oṣù Kẹrin 1995, nígbà tí wọ́n bá Tottenham pàdé ní Leeds, kí wọ́n tó dé àṣekágbá Ife FA. Paul Rideout, agbábọ́ọ̀lù iwájú Everton, fara pa, wọ́n ṣì ń tọ́jú rẹ̀. Royle kò tíì pinnu láti pààrọ̀ rẹ̀, Amokachi ti wọ pápá. Ó gbá góòlù méjì. Everton fi 4-1 borí, wọ́n sì gba ife náà lọ́wọ́ Manchester United lóṣù tó tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ náà kò fìgbà kan kú. Kò sẹ́ni tó pè é jẹun ni, ó bá bu oúnjẹ fúnra rẹ̀.

Ti Victor Osimhen tilẹ̀ tún hàn kedere ju èyí lọ, torí ọkùnrin kan náà ni, ilé ló yàtọ̀. Ọmọ Olúṣòsùn ní Èkó yìí gbá góòlù 10 nínú Ife Àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ ní Chile ní 2015. Wolfsburg ti Jámánì mú un. Kò gbá góòlù kan ṣoṣo nínú líìgì Jámánì. Èṣe wà níbẹ̀, ibà náà wà níbẹ̀. Ní 2018, Charleroi, ẹgbẹ́ tí kò lórúkọ púpọ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù, gbà á. Góòlù 20 ló gbá fún wọn ní sáà kan. Ó gba Lille kọjá dé Napoli. Ní sáà 2022 sí 2023, ó gbá 26, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbá jù lọ ní líìgì Ítálì, Napoli sì gba ife líìgì tí wọn kò rí gbà fún ọdún 33. Ẹni tó bá ti pè é ní òfìfo ní Wolfsburg, kí ló fẹ́ sọ báyìí?

Ọ̀rọ̀ ilé àti àlejò yìí rán mi létí Sunshine Stars tiwa ní Àkúrẹ́. Ní 2012, wọ́n dé ìpele mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje Champions League Áfíríkà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ kọ́ ni wọ́n ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé wọn. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti pàdé Al Ahly ti Íjíbítì, wọ́n gbá 3-3. Ní Cairo, góòlù kan ṣoṣo ló lé wọn sílé. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní. Wọ́n sọ wá di àlejò lórí pápá tí a pè ní tiwa, ìlú onílùú ni àwọn ọmọ wa ti kojú Al Ahly. Bí pápá Àkúrẹ́ bá ti tó ohun tí àwọn olùṣètò ìdíje ń fẹ́, mo gbà pé ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ṣé òwe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n padà sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Òwe mìíràn wà tó jẹ́ àbúrò rẹ̀: ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ń jẹ gbèsè ńlá kí wọ́n tó ra agbábọ́ọ̀lù iwájú, wọ́n á lu ìlù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé aṣọ rẹ̀ sókè fún aráyé rí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó máa jókòó tì í kó sọ fún un pé, lágbájá ló máa ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, tàmẹ̀dò ló máa ń gbé e wálẹ̀, nígbà tí kóòṣì bá fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ohun báyìí ló ń fẹ́. Bí oṣù méjì bá ti kọjá tí góòlù kò wá, ariwo á ta.

Ẹ̀yin alákòóso Sunshine Stars, ẹ̀yin náà ń mú ọmọ wá láti Jos, láti Kánò, láti Cotonou. Nígbà tí èyí tó kàn bá dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́kọ́ béèrè góòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ti pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ní kó mú un rìn yí pápá ká láàárọ̀ kùtù, kí ìrì tó gbẹ, kó fi ibi tí koríko ti wọlẹ̀ hàn án.