Tábìlì Kan, Yàrá Mẹ́ta: Ìwádìí Yureníọ́ọ̀mù ní Berlin, 1934–1938

Nínú ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Deutsches Museum ní Munich, tábìlì onígi kan wà tí a to irinṣẹ́ ìwádìí sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tábìlì Otto Hahn ni àkọlé rẹ̀ pè é. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bóyá tábìlì náà sọ òtítọ́ ìtàn.

Kò sí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà lórí tábìlì kan ṣoṣo. Yàrá mẹ́ta ni wọ́n lò ní Dahlem. Nínú ọ̀kan ni wọ́n ti ń fi néútírọ́ọ̀nù, láti ara rẹ́díọ́ọ̀mù tí a pò mọ́ bẹ̀rílíọ́ọ̀mù, lu yureníọ́ọ̀mù. Wọ́n fi ìda páráfíìnì yí i ká kí eré néútírọ́ọ̀nù lè rọlẹ̀. Nínú èkejì ni wọ́n ti ń ya àwọn èròjà tí ó jáde sọ́tọ̀. Nínú ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ Geiger-Müller ti ń ka ìtànṣán. Ìtànṣán tí wọ́n ń wá kò lágbára rárá. Bí èyí tí ó lágbára bá wà nítòsí, ẹ̀rọ kò ní í mọ èwo ni èwo.

Lise Meitner, onímọ̀ físíìsì ará Vienna, ni ó rọ Hahn ní ọdún 1934 pé kí wọ́n tún jọ dáwọ́ lé iṣẹ́, lẹ́yìn tí Enrico Fermi ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Róòmù. Fritz Strassmann dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi jọ ṣìnà, tí wọ́n rò pé èròjà tí ó wúwo ju yureníọ́ọ̀mù lọ ni àwọn ń rí. (Bí a bá ń bá Meitner gba iyì, ó yẹ kí a bá a gba ẹ̀bi rẹ̀ pẹ̀lú.)

Ìdílé Júù ni wọ́n ti bí i. Nígbà tí Hitler gba Austria ní oṣù Kẹta 1938, ààbò tí ó ní gẹ́gẹ́ bí àlejò ká kúrò lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, ó yọ́ kẹ́lẹ́ sá lọ sí Netherlands pẹ̀lú máàkì mẹ́wàá, kí ó tó dé Sweden.

Ìwádìí kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀. Ní oṣù Kọkànlá, òun àti Hahn pàdé ní Copenhagen. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, Hahn kọ̀wé sí i pé ohun tí àwọn pè ní rẹ́díọ́ọ̀mù ń hùwà bíi báríọ́ọ̀mù. Báwo ni báríọ́ọ̀mù, tí ìwọ̀n rẹ̀ fi díẹ̀ ju ìdajì ti yureníọ́ọ̀mù lọ, ṣe dé ibẹ̀? Meitner àti Otto Frisch, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ni wọ́n dáhùn nígbà Kérésìmesì ní Kungälv: kóró átọ́ọ̀mù ti là sí méjì, bí ẹ̀kán omi tí ó fún ní ìbàdí tí ó sì já.

Àpilẹ̀kọ tí ó jáde ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 1939 kò ní orúkọ Meitner. A kò bá Hahn wí fún èyí. Ewu ni orúkọ ìsáǹsá Júù jẹ́ ní Jámánì ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá 1945, ogun ti parí, Hahn nìkan ni wọ́n kéde ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì fún. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìka kan ni wọ́n fi òrùka sí. Hahn tẹnu mọ́ ọn pé iṣẹ́ kẹ́mísírì ni. Kẹ́mísírì náà pegedé lóòótọ́, òun àti Strassmann kò sì sá fún ohun tí ojú wọn rí. Àmọ́ yàrá ẹ̀kẹta ńkọ́? Ta ni ó kọ́kọ́ ní kí a wọnú yàrá kankan?

Ní ọdún 1966, ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ̀bùn Enrico Fermi. Meitner ti di ẹni ọdún 87, ara rẹ̀ kò gba ìrìn àjò mọ́. Cambridge ni wọ́n ti wá gbé e fún un.