Ajégúnlẹ̀ Wo Lẹ̀ Ń Wí? Ìtàn Àṣìṣe Kan Nínú Python

Ẹni tó bá dúró ní Mile 12 tó ní Ajégúnlẹ̀ lòun ń lọ, ti ọ̀nà Ìkòròdú ni wọ́n máa já a sí. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ti Àpápá, níbi tí Boundary wà, ló ní lọ́kàn. Orúkọ kan, àdúgbò méjì. Èyí tó sún mọ́ awakọ̀ jù ló máa mú.

Ohun tó dé bá ọmọ kan tí mo ń kọ́ ní Python ní Ajégúnlẹ̀ ti Àpápá nìyẹn. Ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá òun ṣẹ́ kèké, kó lè mọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí yóò kọ́kọ́ gbá. Ó kọ `import random`, ó pe `random.randint`. Kọ̀ǹpútà ní random kò ní randint. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó yọ Python kúrò, kó tún un gbé sórí ẹ̀rọ. Dátà rẹ̀ tán, àṣìṣe náà ò lọ.

“Prof, ẹ má bínú sà, bóyá orí mi ni ò gbà á.”

Kì í ṣe orí ẹ̀. `random.py` ló sọ fáìlì tirẹ̀. Fódà tí ètò náà wà ni Python ti kọ́kọ́ ń wá module. Fáìlì náà bá pe ara rẹ̀. A sọ ọ́ di `keke.py`, ó ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1991 ni Guido van Rossum, ará Netherlands, gbé Python jáde. Nínú Python 2, module inú package kan náà tún máa ń ṣáájú ti gbogbogbòò. Lọ́dún 2006, Python 2.5 jẹ́ kéèyàn lè yàn pé òun ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Python 3 sọ ọ́ dòfin ní December 2008. Ṣùgbọ́n fódà ètò fúnra rẹ̀ ṣì ń ṣáájú, torí ọ̀nà yẹn làwọn fáìlì kéékèèké fi ń rí ara wọn. October 2024, nínú Python 3.13, ni ẹ̀rọ tó wá ń sọ ọ́ ní tààrà pé: orúkọ fáìlì rẹ bá ti module wa mu, yí i padà.

Ọdún 33! Ẹ wo iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ti lè gbà láàárín ìgbà yẹn pé òpè lòun.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ kọ `print(random.__file__)` sábẹ́ ìlà import. Yóò sọ ilé tí random náà ti wá. Ẹ bi í léèrè kẹ́ ẹ tó bú orí yín.