Ewé Ni Olóúnjẹ: Ìtàn Bí Ayé Ṣe Mọ Iṣẹ́ Oòrùn Lára Ohun Ọ̀gbìn

Ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà, ọmọ Ogbó tí ó mọ ọ̀nà, láti Òmù-Àrán títí dé Ẹ̀síẹ́, kò sí àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ níṣẹ́ tí yóò kọ ebè sábẹ́ òjìji igi ńlá, tàbí tí yóò jẹ́ kí ìtàkùn iṣu máa wọ́ nílẹ̀ nígbà tí igi tí yóò fi gùn sókè kò wọ́n. Àgbẹ̀ ti gbọ́ lẹ́nu baba rẹ̀ pé iṣu tí oòrùn kò bá rí kì í ta dáradára. Síbẹ̀, bí a bá bi í léèrè pé kí ni ó ń bọ́ iṣu náà, ilẹ̀ ni yóò nawọ́ sí, kò ní gbójú sókè wo ewé. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ó gba àwọn ọ̀mọ̀ràn ní igba ọdún ó lé kí wọ́n tó rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n ni Jan Baptist van Helmont, oníṣègùn kan ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ́ljíọ̀m lónìí. Ó kó 200 pọ́n-ùn erùpẹ̀ gbígbẹ sínú ìkòkò, ó gbin igi willow tí ó wúwo tó 5 pọ́n-ùn sí i, ó sì ń bomi rin ín fún ọdún márùn-ún gbáko. Nígbà tí ó tún wọ̀n ọ́n, igi náà ti lé ní 169 pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n ohun tí ó dín nínú erùpẹ̀ kò ju bí áúnsì méjì lọ. Ó ní omi ni ó di igi. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní tèmi, ìdánwò náà lẹ́wà ju ìdáhùn rẹ̀ lọ, nítorí ọkùnrin yìí kan náà ni ó ti ṣàlàyé afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára èédú tí ń jó, kò sì fura pé afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ni igi rẹ̀ ń jẹ lójú rẹ̀.

Ní 1771, Joseph Priestley, àlùfáà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ẹ̀ka míńtì bọ inú ìgò tí àbẹ́là ti jó kú sí, nígbà tí ó sì di ọjọ́ mélòó kan, àbẹ́là tún jó níbẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí ìdánwò náà kò jẹ́, a kò sì mọ ìdí rẹ̀ títí Jan Ingenhousz, oníṣègùn ará Họ́láńdì, fi kọ ọ́ sínú ìwé ní 1779 pé ojú oòrùn nìkan ni ewé ti ń tún afẹ́fẹ́ ṣe, àti pé nínú òkùnkùn ńṣe ni ó ń bà á jẹ́ bí ẹranko. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀: Jean Senebier fi hàn ní 1782 pé kábọ̀ndáyọ́ọ̀sáìdì, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, ni ewé ń lò, Nicolas-Théodore de Saussure sì fi omi kún un ní 1804.

Ní 1864, Julius von Sachs ará Jámánì bo apá kan ewé mọ́ oòrùn, ó sì ta áyódíìnì sí i. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé di dúdú bí aró, ibi tí a bò kò yí padà. Sítáàṣì ni ó dúdú bẹ́ẹ̀, ohun kan náà tí ó kún inú iṣu. Nítorí náà, orí ìtàkùn ni a ti ń se oúnjẹ. Ṣúgà tí ewé ṣe ni ó ń gba ara ìtàkùn sọ̀ kalẹ̀, tí ó ń di sítáàṣì lábẹ́ ilẹ̀, ebè sì jẹ́ àká fún un. Ilẹ̀ ń fún un ní omi àti iyọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyókù iyán wa, láti inú afẹ́fẹ́ ni. Àwọn ère òkúta Ẹ̀síẹ́, tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún, nìkan ni ó ń gbé ìlú náà láìjẹ gbèsè ewé.

Ní 1966, M. D. Hatch àti C. R. Slack ní Ọsirélíà ṣàlàyé pé ọ̀nà mìíràn ni ìrèké ń gbà ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀nà tí ó bá oòrùn líle mu. Òun náà ni àgbàdo àti ọkà bàbà ń tọ̀, tí wọ́n fi ń ṣe dáadáa ní ọ̀dàn Ìgbómìnà. Iṣu àti gbágùúdá kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Bí ewé bá sì ṣàìsàn, oúnjẹ rẹ̀ a dín: àrùn mòsáìkì wà tí ń gba àwọ̀ lára ewé gbágùúdá, tí ó ń sọ ọ́ di alábàwọ́n pupa rúsúrúsú, tí abẹ́ rẹ̀ kì í fi í ta dáradára. Ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ni Sang Ki Hahn, ará Kòríà, ti mú irú gbágùúdá tí ó lè dúró de àrùn náà jáde, wọ́n sì fi í jẹ Serikí Àgbẹ̀ ní Ìkirè.